ÌDÍ ÀÀRÒ: Ìkòkò kan fún gbogbo agbo ilé. Sìpàgẹ́tì ẹja, akàn àti àgbọn

Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, ti sún mọ́ etílé, ẹni tó máa dáná lọ́jọ́ náà ti ń ro ohun tó máa gbé ka iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká tètè jókòó sídìí ààrò wa.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ojú ewé yìí, ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀yin ìyá tí ẹ bá pàdé mi lójúbọ: "Ìyá Ìdí Ààrò, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Kí la máa fún un jẹ lọ́jọ́ ọdún?" Ìdáhùn mi kò gùn. Ohun tí gbogbo ilé bá ń jẹ ni kẹ́ ẹ fún un. Iṣẹ́ tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ká tún ohun tí gbogbo ilé ń jẹ ṣe, ká má kàn gbé ìkòkò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀.

Apá ni ilé ọkọ mi, ní ìwọ̀-oòrùn Àgbádárìgì, lápá ọ̀nà ibodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ẹkùn wa rí mọ̀ pé ọmọ omi ni wá: ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, igi àgbọn láàárín. Èdè Ògù àti Yorùbá la jọ ń sọ. Ifá tiwa, Fá ni wọ́n ń pè é. Èṣù tiwa, Lẹ́gbà ni lọ́dọ̀ wọn. Bí Zangbeto bá jáde lóru, ọmọ Ògù àti ọmọ Yorùbá ló jọ ń sùn lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀. Oúnjẹ wa náà ti wọnú ara wọn. Àgbọn tí wọ́n ń pè ní agunkẹ́ kò sí ohun tí a kì í fi í sè, ẹja àti akàn sì ni ẹran wa.

Nínú ilé yìí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni olórí ẹbí. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára wọn bí ọdún mẹ́fà. Lọ́dún tó kọjá, egbò kékeré kan tí bàtà dá sí wọn lẹ́sẹ̀ kọ̀, kò jiná, nígbà tó yá wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kan nílé ìwòsàn. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ ilé. Bí a bá ti se oúnjẹ ọdún, wọ́n á bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ tí kò tíì pọ́n sí abọ́ kan, kò níyọ̀, kò lẹ́ja, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá Bàbá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é o.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyàwó Bàbá, tí mo ń pè ní Ìyá wa, ń gbá yàrá náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti gbá ewé èkọ jáde, ewé mẹ́jọ. Ìyá wa jókòó sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún. Nígbà tí Bàbá wọlé, wọ́n rí ewé náà nílẹ̀, wọn ò sẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ìyàwó, èmi ni mo máa ń wúre sí oúnjẹ ilé yìí. Ní báyìí, bí mo bá wúre tán, ẹ̀yin á máa jẹun, èmi á lọ jókòó sí yàrá bí ẹni tó jẹ gbèsè. Ṣé àìsàn yìí ti wá sọ mí di àlejò nílé baba mi ni?"

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ nínú wa.

Ẹ̀yin ará ilé, àwa oníṣẹ̀ṣe ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. A kì í bọ òrìṣà tán ká má pín oúnjẹ. Ẹni tí a bá yọ kúrò nídìí àwo, ohun tí a yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹ sì tún wò ó: abọ́ ọ̀tọ̀ yẹn kò mú ṣúgà Bàbá wálẹ̀. Èkọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló bí. Ebi àjọjẹ ń pa wọ́n, wọ́n wá ń dá jẹun lóru.

ÈÈWỌ̀ Ọ̀TỌ̀, ÌWỌ̀N Ọ̀TỌ̀

Àwa mọ èèwọ̀ dáadáa. Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. A kì í gbé àdín síwájú Èṣù. Ẹni tó tẹ Ifá mọ ohun tí odù rẹ̀ ní kó má jẹ, bí wọ́n sì gbé e fún un nílé ọba, kò ní tọ́ ọ wò. Nítorí èyí, bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí ẹnì kan nínú ilé máa ṣọ́ oúnjẹ jẹ, ibi èèwọ̀ ni ọkàn wa ń sáré lọ: má jẹ èyí, má fọwọ́ kan tọ̀hún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni. Èèwọ̀, díẹ̀ rẹ̀ àti púpọ̀ rẹ̀ ọ̀kan náà ni. Oúnjẹ afáralókun kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì, ẹ̀bà, iyán, èkọ, búrẹ́dì, sìpàgẹ́tì, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹ wọ́n. Ínsúlínì inú ara ló ń gba ṣúgà náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tó ń gbé e wọnú ẹran ara láti fi ṣe agbára. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ínsúlínì yìí kò tó, tàbí kí ara má gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló wà nídìí oúnjẹ rẹ̀: báwo ló ṣe pọ̀ tó? Kí la fi sin ín? Báwo ló ṣe ń yára di ṣúgà tó?

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àmàlà ẹlúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti òkèlè àlìkámà, tí àwọn kan ń rò pé kò ní ṣúgà rárá, afáralókun ni wọ́n. Wọ́n sàn ju àwọn mìíràn lọ, àmọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ bí òkè torí pé "oúnjẹ oníṣúgà ni", ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà máa sọ òótọ́ fún un.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ sìpàgẹ́tì, oúnjẹ òyìnbó, ni mo gbé wá. Ìdí mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, a lè wọ̀n ọ́n láìní òṣùwọ̀n. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà lọ́jà, 500 gíráàmù ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 50 gíráàmù ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, afáralókun inú ìyẹn kò ju bíi 35 sí 38 gíráàmù lọ. Ẹ fi wé gààrí: 100 gíráàmù gààrí gbígbẹ ní bíi 80 gíráàmù afáralókun nínú, ọkùnrin tí ebi ń pa sì máa ń te ẹ̀bà tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì, àlìkámà líle ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kì í mọ́ra gírígírí, nítorí náà inú máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tú u, bí a kò bá ti sè é jù. Ẹ̀kẹta, ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wo abọ́ náà kó ní oúnjẹ aláìsàn nìyí.

OHUN ÈLÒ FÚN ÈNÌYÀN MẸ́WÀÁ

Sìpàgẹ́tì, ọ̀rá kan (500 gíráàmù). Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi odidi hóró àlìkámà ṣe, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ẹ mú un. Bí ẹ ò bá rí i, funfun náà á ṣe é.
Ẹja tútù, kílò kan ààbọ̀: kúta, ọ̀bọ̀kún tàbí ẹpìyà.
Akàn mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Edé tútù, ìdajì kílò.
Edé gbígbẹ lílọ̀, ṣíbí ìjẹun méjì.
Àgbọn gbígbó kan ṣoṣo.
Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ, ìdì ńlá mẹ́rin.
Ìkàn, bíi mẹ́wàá.
Tòmátì mẹ́jọ, tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo bí ẹnu yín bá ṣe gbà á.
Àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò méjì, áyù márùn-ún.
Ewé efinrin, ẹ̀kúnwọ́ kan.
Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin.
Òróró, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Iyọ̀, ṣíbí kékeré kan.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ gé e, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, ẹ rin atalẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ akàn, ẹ ṣí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ ohun rírọ̀ tó dà bí ìka tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dànù. Ẹ bó edé tútù.

Ẹ má da èèpo edé àti èèpo akàn nù o. Ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ dà wọ́n sínú ìkòkò, ẹ bu omi ife mẹ́fà lé e, ẹ sọ àlùbọ́sà kan sí i, ẹ sè é fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ẹ. Omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa gba ipò mágì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ní n kò ní fi mágì sí i, àwọn ọmọ ilé wo ojú ara wọn. Nígbà tí òórùn omi akàn gba àgbàlá, kò sẹ́ni tó tún béèrè mágì.

Ẹ fọ́ àgbọn, ẹ rin ín, ẹ da ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mẹ́ta sí i, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ṣàlejò gidi lè fún àgbọn mẹ́ta sínú ìkòkò kan. Mo ní kí ẹ fi mọ sórí ọ̀kan, ìdí rẹ̀ rèé: àgbọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀, irú ọ̀rá tó ń dì ni, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sì ní láti tọ́jú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àgbọn kan fún ènìyàn mẹ́wàá á ta sánsán, kò sì ní wọni lára. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èérí rẹ̀ padà sínú ọbẹ̀, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú.

Ẹ gbé ìkòkò ńlá kaná, ẹ da òróró sí i, ẹ dín àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti áyù títí tí yóò fi rọ̀. Ẹ da tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo tí ẹ ti lọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó dín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí kíkan rẹ̀ lè lọ. Ẹ da ife mẹ́ta nínú omi akàn sí i, ẹ sọ ìkàn tí ẹ gé àti akàn sínú rẹ̀, edé gbígbẹ lílọ̀ àti iyọ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ to ẹja sí i, ẹ da omi àgbọn lé e, ẹ dín iná kù, ẹ má ro ó mọ́ kí ẹja má bàa fọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn ti tó. Edé tútù ló gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, bó bá ti pọ́n tó sì ká kò, ó ti jinná. Ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i, ẹ dé e díẹ̀, ẹ já efinrin lé e lórí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì tó kù sí i.

Iyọ̀ ṣíbí kékeré kan yẹn, bíi 5 gíráàmù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ohun tí àgbàlagbà kan ń jẹ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwa ti pín in fún ènìyàn mẹ́wàá. Kíkan ọsàn àti títa atalẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnu bèèrè sí i.

Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ jinná ni kẹ́ ẹ tó se sìpàgẹ́tì. Ẹ jẹ́ kí omi hó yaya, ẹ kì í sí i. Bí wọ́n bá kọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sára ọ̀rá rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ gbé e. Kó ṣì máa lé díẹ̀ lábẹ́ eyín. Bó bá rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó máa yára di ṣúgà, gbogbo iṣẹ́ wa á wá dòfo. Ẹ sẹ́ omi rẹ̀ nù, ẹ má fi sínú ọbẹ̀ gbígbóná kó máa rọ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń bù ú ni kẹ́ ẹ da pọ̀.

BÍ A ṢE Ń BÙ Ú, BÍ A ṢE Ń JẸ Ẹ́

Ẹ fojú pín àwo sí mẹ́rin. Ìdá méjì jẹ́ ti ẹ̀fọ́ àti ìkàn, ìdá kan ti ẹja, akàn àti edé, ìdá kan ti sìpàgẹ́tì. Ti sìpàgẹ́tì yẹn, bí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni kó ṣe tóbi. Bàbá, ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ wọn, bákan náà ni ká bù ú fún wọn. Ọmọ tó ń dàgbà tí kò ṣàìsàn lè gba èèkejì, kò léèwọ̀.

Ọ̀kan tún kù tó lè ṣòro fún wa. Lọ́dọ̀ wa, ẹja ìkẹyìn ni ọmọlúàbí ń jẹ. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ já ẹja jẹ, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Nídìí oúnjẹ yìí, ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kó tó kan sìpàgẹ́tì. Bí nǹkan mìíràn bá ti ṣáájú afáralókun dénú, ṣúgà kì í fò sókè bí ó ṣe máa ń fò. Akàn náà ń ràn wá lọ́wọ́, torí pé ẹni tó ń já ẹsẹ̀ akàn kò lè yára jẹun.

Omi ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mọ́ọ́tì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, igo kan lè da gbogbo ìwọ̀n tí a ti wọ̀n rú. Omi àgbọn náà ní ṣúgà, ife kékeré ni ká mọ sí. Ẹni tó bá sì máa mu ọtí níbi ìwúre, kó má mu ún lórí òfo inú, pàápàá bó bá ń lo oògùn ṣúgà.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sè é ní Apá, Bàbá wúre, wọ́n jókòó, wọn ò dìde. Ìyá wa ló fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà wọn: 128 kí wọ́n tó jẹun, 167 lẹ́yìn wákàtí méjì. Èyí tí àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì kọjá 180 lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ béèrè pé, "Ṣé oúnjẹ Bàbá la jẹ yìí?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Oúnjẹ ilé ni." Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìkòkò yìí ń gorí iná. N kò sọ pé oúnjẹ wo Bàbá sàn o. Ẹ̀rọ tí a fi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn ń ṣe, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ni ká máa wò. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé a kò tíì gbá ewé èkọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

EWÉ ÀTI OÒGÙN

N kò lè kọ̀wé sí ilé oníṣẹ̀ṣe lórí ìtọ̀ ṣúgà kí n má sọ̀rọ̀ ewé. Àwọn kan nínú wa ti sọ oògùn ilé ìwòsàn nù nítorí àgbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ Ọ̀sanyìn mọ̀ pé ewé lágbára, ó sì mọ̀ pé ewé ní ìwọ̀n. Ẹ wo metformin, oògùn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ń lò. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ewéko kan ní Yúróòpù, Galega officinalis, tí wọ́n ti ń fi ṣe ìtọ́jú láti ayébáyé. Ewé yìí kan náà ló máa ń pa àgùntàn tó bá jẹ ẹ́ lájẹjù. Lọ́dún 1922 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ pò metformin, nígbà tó sì di 1957 dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, kéde bó ṣe lò ó fún àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ àti ìwọ̀n ló mú un kúrò ní májèlé tó fi di oògùn.

Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Bí ẹ bá ń lo oògùn, ẹ sọ fún oníṣègùn. Bí méjèèjì bá pàdé nínú ara láìmọ ara wọn, ṣúgà lè wálẹ̀ jù. Bákan náà ni fún ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn tó ń lé ṣúgà wálẹ̀: kó tó dín afáralókun rẹ̀ kù lójijì, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ṣúgà bá ti lọ sábẹ́ 70, ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bò ó, ojú á máa ṣú u. Ṣúgà gan-an ni oògùn rẹ̀ nígbà náà. Ẹ fún un ní ìdajì ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe èèwọ̀? Ohun tí a ń dín lánàá lè di ohun tí a ń fúnni lónìí.

FÚN ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN

Ẹni tí akàn tàbí ẹja kan bá jẹ́ èèwọ̀ odù rẹ̀, ẹja mìíràn ni kó fi rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rántí rẹ̀ kí ìkòkò tó gorí iná, torí omi èèpo akàn ti wọnú gbogbo ọbẹ̀. Ẹ̀yin ilé Ọbàtálá, kò sí epo pupa nínú rẹ̀. Ẹni tí edé tàbí akàn máa ń mú kí ara rẹ̀ wú tàbí kó máa yún, kó má tọ́ ọ wò rárá. Ẹni tí dókítà bá sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó béèrè lọ́wọ́ wọn kó tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sómi, ẹ má bínú. Ẹja yíyan àti edé gbígbẹ á ṣe é; ẹ fi omi gbígbóná fọ ẹja náà kí iyọ̀ rẹ̀ lè dínkù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó ń bọ̀ yìí, ẹ wo inú agbo ilé yín. Bí abọ́ kan bá wà tí wọ́n dé, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí yàrá, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ pe ẹni tó ni ín síta. Nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ èwà la máa sọ: bí a ṣe lè se é láìfi epo rì í. Ẹ máa kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́.

Kí Olódùmarè jẹ́ ká máa jẹun pa pọ̀ pẹ́. Kí àgbà ilé má jókòó nìkan. Ire o. Àṣẹ.